Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Iṣẹ́ Abẹ Oníkámẹ́rà fún Kókó Ẹ̀dọ̀ àti Ìpalára Inú Ikùn

Láti ìgbà tí a ti ṣàlàyé nínú abala yìí bí àwọn oníṣẹ́-abẹ ṣe ń yọ àpò òróòro láti ojú ihò kéékèèké, lẹ́tà kò yéé wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ òróòro. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń béèrè nípa rẹ̀, tàbí inú tí ọkọ̀ gbá, tàbí inú tí ọ̀bẹ wọ̀. Iṣẹ́ abẹ inú ikùn ni iṣẹ́ mi, ẹ̀dọ̀ ni mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́, nítorí náà inú mi dùn láti dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìnira ló bí púpọ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà. Mo ti yọ orúkọ àti ohun gbogbo tó lè tú àṣírí ẹni kúrò. Laparoscopy ni orúkọ tí ilé ìwòsàn ń pe iṣẹ́ abẹ yìí. Oníkámẹ́rà ni àwọn aláìsàn ń pè é, orúkọ náà bá a mu, òun ni n ó sì máa lò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Bàbá wa ti pé ẹni ọdún 61. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ fún wọn pé wọ́n ní àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B, ṣùgbọ́n ara wọn le, a kò sì kà á sí nǹkan kan. Lóṣù tó kọjá, skáànù fi kókó kan hàn ní apá òsì ẹ̀dọ̀ wọn, ó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 3, àyẹ̀wò sì fi hàn pé jẹjẹrẹ ni. Dókítà wọn ní ihò kéékèèké márùn-ún ni òun yóò dá sí wọn nínú láti gé e kúrò. Ẹ̀rù ń bà wá. Ẹni tí kò la inú, báwo ló ṣe máa rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀? Ṣé kò ní fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀? — Àkọ́bí tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àníyàn Bàbá, ẹ sì ṣeun tí ẹ béèrè kí wọ́n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín wọ inú yàrá náà. Lẹ́yìn tí oògùn bá ti kun Bàbá lóorun, oníṣẹ́-abẹ yóò dá ihò kékeré kan sí ìtòsí ìdodo, yóò gba ibẹ̀ fẹ́ gáàsì carbon dioxide sínú ikùn, títí tí ara ikùn yóò fi gbéra kúrò lórí ìfun bí àgọ́ tí wọ́n pa. Gáàsì yìí ni a yàn nítorí pé kò lè gbiná, ara sì lè fà á mu kí ẹ̀dọ̀fóró mí i jáde. A kì í sábà jẹ́ kí agbára rẹ̀ kọjá ìwọ̀n 12 sí 15 lórí òṣùwọ̀n mẹ́kúrì. Àwọn ihò náà kò ju mìlímítà 5 sí 12 lọ ní fífẹ̀. Ọ̀kan wà fún ọ̀pá kámẹ́rà tó ní iná lẹ́nu, ìyókù wà fún ohun èlò gígùn tí a fi ń di nǹkan mú, tí a fi ń gé, tí a fi ń rán, tí a sì fi ń jó ojú ẹ̀jẹ̀ pa.

Ẹ bi mí bóyá a máa ń ríran dáadáa. Abẹ́ egungun ìhà ọ̀tún ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ fara pamọ́ sí. Bí a bá la inú, ẹnì kan ní láti fi irin fa egungun ìhà sókè, àwa náà á tẹ ọrùn wò ó, síbẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀ a ṣì máa ṣókùnkùn. Kámẹ́rà a máa yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, a sì máa sọ òpó ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín bí òwú di ohun tó tóbi bí okùn lójú ẹ̀rọ amáwòrán. Ìka ọwọ́ ni a pàdánù. Ẹni tó la inú lè fọwọ́ tẹ ẹ̀dọ̀, kó sì ti ara líle kókó náà mọ ibi tó wà. Ẹni tó ń lo ọ̀pá gígùn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń gba ojú ihò kan ti ẹnu ẹ̀rọ skáànù tóóró wọlé, tí a ó gbé e lé orí ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, kó lè fi kókó náà hàn wá, àti òpó ẹ̀jẹ̀ tó yí i ká, àti kókó mìíràn tí skáànù ti òde lè má rí. Ohun tí a bá rí níbẹ̀ ni a ó fi mọ ibi tí a ó fi iná fa ìlà sí lára ẹ̀dọ̀, ìlà náà á sì jìnnà sí kókó yíká, kí a tó gé ohunkóhun. Ẹ bi oníṣẹ́-abẹ yín bóyá irú skáànù yìí wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ yóò sọ púpọ̀ fún yín.

Ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ gbẹ́yìn nínú irú iṣẹ́ yìí. Georg Kelling ní Jámánì ti fi ọ̀pá wo inú ajá ní ọdún 1901, Hans Christian Jacobaeus ní Sweden sì wo inú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní 1910, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, wíwò ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ọdún 1985 ni Erich Mühe, ní Jámánì kan náà, yọ àpò òróòro lọ́nà yìí. Ìròyìn ẹ̀dọ̀ gígé kò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nítorí pé nǹkan bíi lítà kan àti ààbọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló ń gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kò sì sí oníṣẹ́-abẹ tó fẹ́ kí òpó kan já níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tètè dé. Ohun tí a ń ṣe sí i ni pé a máa ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yí ìdí àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀ ká. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ ya, a ó fún okùn náà fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú 15, a ó tú u fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ̀dọ̀ lè mí, lẹ́yìn náà a lè tún un fún. James Hogarth Pringle ló kọ nípa dídi ìdí òpó yìí mú ní ọdún 1908, nígbà tó ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn fà ya nínú ìjàm̀bá. Dókítà akunnilóorun náà yóò dín omi tó ń fà sí aláìsàn lára kù, kí òpó ńlá tó wà lẹ́yìn ẹ̀dọ̀ má baà kún àkúnjù. Gáàsì inú ikùn pàápàá ń tẹ ẹnu àwọn òpó kéékèèké pa, ìyẹn sì wà lára ìdí tí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣòfò fi sábà máa ń kéré sí ti inú lílà.

Ká ní ẹ dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mo bá ń gé e, ohun tí ẹ máa rí lójú ẹ̀rọ ni ẹran pupa tó dúdú díẹ̀, tó ń tú wẹ́wẹ́ lẹ́nu ohun èlò, tí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ń rú lára rẹ̀, tí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ àti òpó òróòro ń yọ jáde bí fọ́nrán òwú lára aṣọ tó ya. Èyí tó tín-ín-rín, a ó jó o pa. Èyí tó sanra, a ó fi ìdè kékeré há a lápá méjèèjì kí a tó gé e láàárín. Tó bá parí, a ó tẹ́ gọ́ọ̀sì funfun lé ojú ibi tí a gé, a ó dúró díẹ̀, a ó gbé e, a ó wò ó. Bí pupa bá wà lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jò níbì kan. Bó bá jẹ́ àmì tó dà bí àwọ̀ ìyeyè, òróòro ni, a ó sì wá ojú rẹ̀ rán. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ tuntun tó ti dé, mi ò tíì rí èyí tó mú mi jáwọ́ nínú gọ́ọ̀sì yẹn. Nígbà náà ni a ó ti kókó tí a gé sínú àpò ọ̀rá, kó má baà fara kan ibikíbi, a ó sì gba ojú kan tí a là nísàlẹ̀ ìdodo fà á jáde.

Ní ti gbòǹgbò tí ẹ ń bẹ̀rù, ìwádìí kan wáyé ní Norway tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Wọ́n pín ènìyàn 280, tí jẹjẹrẹ ìfun wọn ti ràn dé ẹ̀dọ̀, sí ọ̀nà méjì bí ẹní ṣẹ́ ìbò: wọ́n la inú apá kan, wọ́n fi kámẹ́rà ṣe fún apá kejì. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n là nínú, 31 ni ìṣòro bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nínú àwọn ti oníkámẹ́rà, 19 ni. Wákàtí 96 ni àwọn ti àkọ́kọ́ lò ní ilé ìwòsàn, àwọn ti èkejì lo 53. Nígbà tí wọ́n sì tẹ̀lé wọn fún ọdún púpọ̀ sí i, iye àwọn tó ṣì wà láàyè ní apá méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, èyí tó fi hàn pé jẹjẹrẹ kò ṣẹ́kù sára àwọn oníhò kékeré ju ti àwọn yòókù lọ. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé jẹjẹrẹ tó ti ìfun wá ni wọ́n wò, ti Bàbá sì jẹ́ èyí tí àrùn mẹ́dọ̀wú bí, àti pé ọwọ́ àwọn tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́ ló ṣe é. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan fẹ́ fi Bàbá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, mi ò ní gbà fún yín.

Ibi tí kókó náà wà bá yín ṣe é. Claude Couinaud, ará Faransé, pín ẹ̀dọ̀ sí ọ̀nà 8 ní ọdún 1957, nọ́ńbà rẹ̀ náà la ṣì ń pè títí di òní. Ìpín 2 àti 3 wà ní etí òsì, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n sì wà níwájú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́-abẹ ẹ̀dọ̀ fi kọ́kọ́ ń wo kámẹ́rà bí kókó bá wà níbẹ̀. Ìpín 7 àti 8 ló wà lókè pátápátá lẹ́yìn, tí wọ́n fara ti iṣan pẹlẹbẹ tó pààlà láàárín àyà àti ikùn. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti ń há.

Ohun tó yẹ kó gbà yín lọ́kàn ju iye ihò lọ ni ìyókù ẹ̀dọ̀ Bàbá. Ẹ̀dọ̀ tó dá ṣáṣá lè gbé ara bí ìdá 20 sí 30 péré nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bá ṣẹ́kù, á sì tún hù padà láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù mélòó kan. Ẹ̀dọ̀ tí àrùn mẹ́dọ̀wú ti sọ di àpá fẹ́ kí a ṣẹ́ tó ìdá 40 kù, híhù rẹ̀ sì máa ń fà. Irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ihò kékeré ṣàǹfààní fún jù lójú tèmi, nítorí pé àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó ti la ọ̀nà tuntun gba ara ikùn kò ní gé, omi tó máa ń kún inú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ sì máa ń dín kù. Ẹ béèrè bí ẹ̀dọ̀ wọn ṣe rí lónìí, ẹ sì béèrè ìdá tí yóò ṣẹ́kù. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n ti gé kókó, nítorí náà kí wọ́n fi oògùn mẹ́dọ̀wú wọn sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ àti Ìyá pẹ̀lú, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú oríṣi B lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tí kò bá ní i, kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹni tó bá ní i, kó bẹ̀rẹ̀ àbójútó kí kókó tó jókòó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹni ọdún 34 ni mí. Inú rírun ló gbé mi dé ilé ìwòsàn, inú náà ti fi mí sílẹ̀, ṣùgbọ́n skáànù rí kókó sẹ̀ńtímítà 4 lára ẹ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní hemangioma ni, pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní kí n lọ yọ ọ́, nígbà tí ti oníkámẹ́rà ti wà tí kò sì ní dùn mí púpọ̀. Kí ni ẹ rí sí i? — Ẹni tó fẹ́ sùn dáadáa

ÌDÁHÙN: Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín, ìfẹ́ ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní yọ ọ́. Hemangioma jẹ́ ìdìpọ̀ òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké. Nínú gbogbo kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, òun ló wọ́pọ̀ jù lára ẹ̀dọ̀, pàápàá lára obìnrin. Kì í di jẹjẹrẹ, èyí tó kéré bíi tiyín kì í sì í sábà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu títí ayé. Ní ọdún 2008, àwọn oníṣẹ́-abẹ ẹ̀dọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ péjọ sí ìlú Louisville ní Amẹ́ríkà láti fẹnu kò lórí iṣẹ́ oníkámẹ́rà, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé kí a má tìtorí pé ọ̀nà ti rọrùn máa gé kókó tí a kì bá fọwọ́ kàn tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀ ni ti ihò kékeré náà. Ẹ̀jẹ̀ lè ya, òróòro lè jò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó dá yín lójú ni orúkọ kókó náà. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní adenoma, tí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oní-estrogen lè mú dàgbà. Bó bá ti kọjá sẹ̀ńtímítà 5, ó lè bẹ́ kó sì ya ẹ̀jẹ̀, tàbí kó yí padà di jẹjẹrẹ, gígé ni a sì sábà máa ń gé irú ìyẹn, pàápàá bó bá jẹ́ lára ọkùnrin. Bí skáànù tó fi omi oògùn wo òpó ẹ̀jẹ̀ bá ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé hemangioma ni tiyín, ẹ lọ sùn.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ̀ kọlu ọkọ mi lórí alùpùpù wọn. Mo mọ̀ pé ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé wọn lọ ní ẹ̀rọ kámẹ́rà, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún èmi náà. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà la ọkọ mi nínú láti ìsàlẹ̀ àyà kọjá ìdodo, wọ́n tún fi inú náà sílẹ̀ láìrán, wọ́n sì gbé wọn padà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n yè, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá rí àpá yẹn. Ṣé wọn kò lè fi ihò kékeré ṣe é ni? — Ìyàwó tó ń wo àpá

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu, Ìyá, ẹ kú orí ire. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tí wọn kò jẹ́ kí ẹ wọ̀. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí spleen rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà ara tó rọ̀ tó wà lábẹ́ ìhà òsì, bá fà ya tó ń ya ẹ̀jẹ̀ sínú, a máa dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú òógùn tútù lójú, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkìkì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì máa já wálẹ̀ bí omi àti ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ ń wọ ara rẹ̀. Wọ́n á gbé ẹnu skáànù lé e nínú níbi tó dùbúlẹ̀ sí, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n á rí ẹ̀jẹ̀ tó dúró sínú ikùn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, kámẹ́rà á lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìdí rẹ̀ kò nira. Gáàsì tí a ń fẹ́ sínú ikùn máa ń tẹ òpó ńlá tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè gbà á mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ṣòfò, ọkàn rẹ̀ lè ṣófo lójú ẹsẹ̀. Bí òpó ńlá kan bá sì ya lára ẹ̀dọ̀, gáàsì lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà tún ń gbé iná kámẹ́rà mì. Ojú ẹ̀rọ á kàn ṣókùnkùn, kò ní sí ohun tí a rí. Ọwọ́ méjèèjì nìkan ló lè wọ inú ikùn láàárín ìṣẹ́jú kan, kó di ẹ̀dọ̀ mú, kó fún un papọ̀, kí ẹlòmíràn sì máa ki aṣọ ìṣẹ́-abẹ mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ti inú tí wọn kò rán, ìtọ́jú gidi ni. Ara tó ti tutù kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. A ó fi aṣọ tó ń tẹ ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ nínú, a ó bo ojú rẹ̀, a ó gbé aláìsàn lọ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe kí ara rẹ̀ lè móoru, a ó sì padà wá yọ aṣọ náà lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹni tó bá ń lépa àpá kékeré lákòókò yẹn á pàdánù ọkọ yín.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á kà èyí, á sì rò pé gbogbo ẹni tí ọkọ̀ gbá nínú la gbọ́dọ̀ là. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀dọ̀ tàbí spleen wọn fà ya, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn sì dúró, ni a kì í gé rárá lóde òní. Skáànù CT ló ń sọ bó ṣe fà ya tó, a ó dá wọn dúró, a ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, nígbà mìíràn a ó ní kí dókítà onískáànù gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ itan lọ dí ojú tó ń jò. Kámẹ́rà a máa wọlé bí ọ̀ràn bá ń rú wa lójú: bí àpẹẹrẹ, ẹni tí bẹ́líìtì ọkọ̀ fi àpá sí nínú, tí skáànù rí omi nínú ikùn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò rí ẹ̀yà ara kankan tó ya. Ìfun ló sábà ń jẹ́ ìfura wa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún fi orí gbá ilẹ̀, a máa ń ṣọ́ra, nítorí pé gáàsì inú ikùn lè mú kí ìfúnpá inú agbárí lọ sókè.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n gún àbúrò mi ọkùnrin lọ́bẹ ní ìsàlẹ̀ egungun ìhà òsì. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wọ ilé ìwòsàn, kò dákú, skáànù CT rẹ̀ kò sì fi nǹkan kan hàn. Síbẹ̀ wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kámẹ́rà wo inú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ ṣe é ṣáá? — Ẹ̀gbọ́n rẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó. Ó kéré tán, ìdí méjì ló wà. Èkíní, awọ ara, ọ̀rá àti iṣan ni ọ̀bẹ máa ń kọ́kọ́ kàn, ó sì lè dúró síbẹ̀ láì la awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú ikùn kọjá. Láyé àtijọ́, a ó la ẹni bẹ́ẹ̀ nínú gbuurugbu, a ó wá a títí, a kò ní rí ohunkóhun, òun á sì gbé àpá àti ìrora ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lọ sílé. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1997 kó ènìyàn 510 tí ọ̀bẹ tàbí ìbọn wọ̀ nínú jọ láti ilé ìwòsàn púpọ̀, gbogbo wọn ni ara wọn dúró. Lẹ́yìn tí wọ́n fi kámẹ́rà wò wọ́n, 277 nínú wọn ni kò nílò kí a la inú wọn mọ́.

Ìdí kejì ni mo kà sí pàtàkì jù fún ibi tí wọ́n ti gún àbúrò yín. Ìsàlẹ̀ ìhà òsì ni iṣan ààlà, ìyẹn iṣan pẹlẹbẹ tó pààlà láàárín àyà àti ikùn tí mo mẹ́nu bà lókè, wà, ihò tí ọ̀bẹ dá sí i lè kéré débi pé skáànù CT kò ní rí i. Kì í dun ẹni. Aláìsàn á lọ sílé, á máa ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣan náà kì í sábà dì fúnra rẹ̀, nítorí pé bí a ṣe ń mí ló ń fà á. Lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, ìfun tàbí àpòlúkù á gba ibẹ̀ wọ inú àyà, á há, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ mọ́. Mo ti rí irú rẹ̀ rí: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń bi wá ìgbà tí òun máa lọ sílé. Nígbà tí kámẹ́rà yíjú sókè, ihò kan wà níbẹ̀ tí kò tó èékánná, etí rẹ̀ pupa, ó ń ṣí ó sì ń pa dé bó ṣe ń mí. Okùn mẹ́ta péré ni a fi rán an, láti ojú ihò kan náà. Kí irú iṣẹ́ yìí tó bẹ̀rẹ̀, dókítà akunnilóorun gbọ́dọ̀ mọ̀ pé a ń fura sí iṣan ààlà, nítorí pé gáàsì lè gba ojú ihò náà wọ àyà kó sì tẹ ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀, kíá ni a ó tú gáàsì náà jáde, tí a ó sì ti ọ̀pá bọ àyà.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n máa yẹ ìfun wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níwájú àti lẹ́yìn, nítorí pé ihò ìfun tí a fojú fò ni ohun tí mo bẹ̀rù jù nínú iṣẹ́ oníkámẹ́rà fún ẹni tí wọ́n gún. Mo tún fẹ́ fi èyí kún un fún gbogbo òǹkàwé: bí ọ̀bẹ bá ṣì wà lára ẹni tí wọ́n gún, ẹ má fà á yọ. Ẹ fi aṣọ tì í kó má baà mì, kí ẹ sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n fi kámẹ́rà gé kókó lára ẹ̀dọ̀ mi ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Ojú ihò kò dùn mí bíi ti èjìká ọ̀tún. Ṣé wọ́n ṣe mí léṣe níbẹ̀ ni? — Aláìsàn tó wà nílé

ÌDÁHÙN: Rárá. Gáàsì díẹ̀ tó kù ló wà lábẹ́ iṣan ààlà, iṣan yìí àti èjìká sì jọ ń gba ìmọ̀lára láti orí okùn ọpọlọ kan náà ní ọrùn, nítorí náà ọpọlọ á rò pé èjìká ni. Ó sábà máa ń lọ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin, rírìn díẹ̀díẹ̀ sì ń ràn án lọ́wọ́. Bí ibà bá bá a wá, tàbí ojú yín ń di bí àwọ̀ ìyeyè, tàbí inú yín ń wú tó sì ń dùn sí i, ẹ padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé òróòro tó ń jò a máa fara hàn bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ihò mẹ́rin ni dókítà sọ fún màmá mi. Nígbà tí wọ́n jí, ojú ọgbẹ́ gígùn kan ló wà lábẹ́ ìhà ọ̀tún wọn. Dókítà ní òun "yí i padà." Àwọn mọ̀lẹ́bí wa ń sọ pé kò mọ iṣẹ́, pé ká gbé e lọ sílé ẹjọ́. — Ọmọ tí inú ń bí

ÌDÁHÙN: Ó yé mi pé inú ń bí yín, pàápàá bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́, kí ó sì wà nínú ìwé tí Màmá fọwọ́ sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí. Ṣùgbọ́n pé ó la inú, ìyẹn nìkan kò sọ pé kò mọ iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó kọ̀ tí kò dá, àpá iṣẹ́ abẹ àtijọ́ tó so ìfun mọ́ra, kókó tó sún mọ́ òpó ńlá ju bí skáànù ṣe sọ lọ, tàbí kí wákàtí máa lọ kí iṣẹ́ má lọ síwájú: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó láti jẹ́ kí olóòótọ́ oníṣẹ́-abẹ fi ọ̀pá sílẹ̀ kó sì gbé abẹ. Èmi náà ti ṣe é, kì í dùn mọ́ni, torí a mọ ohun tí a ti ṣèlérí. Ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ni ẹni tó ní òun kò la inú rí.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ìgbà tó yí i padà. Bó bá jẹ́ pé ó rí i pé ọ̀nà há, tó sì la inú kí ẹ̀jẹ̀ tó ya, Màmá á sábà gbádùn bí ẹni tí wọ́n là láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó bá ẹ̀jẹ̀ jà pẹ́ kó tó pinnu, ìbéèrè wà níbẹ̀ tó yẹ kó dáhùn. Kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, ẹ ní kí ilé ìwòsàn fún yín ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà, ẹ sì ní kí oníṣẹ́-abẹ jókòó tì yín kà á. Wákàtí tó bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, iye ẹ̀jẹ̀ tó ṣòfò wà níbẹ̀, ìlà kan sì wà tó sọ ìdí tó fi la inú. Ìlà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ní kí ó ṣàlàyé.